Ẹ̀bùn Lórí Ẹ̀bùn

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni mo rò ó jáde. Ọ̀kan nínú wa ló gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́. A ṣe ìdíje orin fún àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ náà, a sì fún ẹni tó gba ipò kìíní ní kíbọ́ọ̀dù tuntun tí ẹgbẹ́ dáwó rà. Inú gbogbo wa dùn. A ti ka owó tó kù, a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáwó, akọ̀wé ti fẹ́ pa ìwé rẹ̀ dé. Ni ìyá yìí bá dìde, ó ní: “Ọmọ méjìlá ló kọrin. Ẹ fún ọ̀kan ní kíbọ́ọ̀dù, ẹ fún mọ́kànlá ní àtẹ́wọ́. Kí ni kí àwọn mọ́kànlá náà fi àtẹ́wọ́ ṣe?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní owú ló ń jẹ ẹ́, nítorí ọmọ tirẹ̀ wà nínú àwọn mọ́kànlá. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ní ìdí tí kò fi yẹ kí n rẹ́rìn-ín, èyí tí mo máa sọ kí n tó gbé gègé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú èdè wa, ohun tí Ọlọ́run fi sí ọmọ lára, ẹ̀bùn ni à ń pè é. Ohun tí àwa gbé lé e lọ́wọ́ níwájú ìjọ, ẹ̀bùn náà ni. A ní ọmọ yìí ní ẹ̀bùn orin. A tún ní ọmọ yìí gba ẹ̀bùn orin. Nítorí náà ó rọrùn láti ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, kí a rò pé ẹni tí kò gba ti ọwọ́ wa kò ní ti ọwọ́ Ọlọ́run, tàbí pé nígbà tí a ti fún ọmọ ní tiwa, iṣẹ́ ti parí lórí ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ẹ bá sọ fún un níwájú igba ènìyàn pé òun kọ́ ló gbà á, ohun tí yóò gbọ́ ni pé òun kọ́ ló ní in.

Gbogbo wa la mọ òwe tálẹ́ńtì tó wà nínú Mátíù orí 25. Ìgbà tí a bá fẹ́ bá ọ̀lẹ wí la sábà máa ń kà á. Nígbà tí mo tún un kà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ohun méjì ni mo rí. Èkíní ni pé ọ̀gá náà kò mú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ díje. Ẹni tó gba márùn-ún àti ẹni tó gba méjì, ìyìn kan náà ni wọ́n gbọ́, ara èrè tí wọ́n sì gbà ni iṣẹ́ tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò sí ẹni tó gbé ife ẹ̀yẹ lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Èkejì le díẹ̀. Wọ́n gba ọ̀kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní kékeré, wọ́n fi kún ti ẹni tó ní mẹ́wàá. Ṣé ohun tí àwa náà ṣe kọ́ nìyẹn? Ọmọ tí a fún ní kíbọ́ọ̀dù, píánò wà ní ilé wọn, olùkọ́ sì ń wá kọ́ ọ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan fi ẹsẹ yẹn gbè wá lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ nínú òwe náà, wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀, òun ló lọ rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí a kò fún ní nǹkan kan rí, kí la fẹ́ sọ pé ó rì mọ́lẹ̀?

Kí a tó padà sí tiwa, ó dára kí a wo bí ẹ̀kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rìn ní ilẹ̀ yìí. Ẹkúndayọ̀ Phillips lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911. Ó padà ní 1914, ó sì di atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Ìjọ Áńgílíkà ni, a mọ̀, ṣùgbọ́n èso iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa Elétò. Fẹlá Ṣówándé wà lára àwọn ọmọdékùnrin tó kọrin lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ṣówándé dàgbà tó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gba ìwé ẹ̀rí gíga ti àwọn atẹdùùrù, FRCO, ní 1943. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé Ìjọ Elétò ló ti ń tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Kingsway Hall tó jẹ́ ti West London Mission. Ẹ rò ó wò: àwọn tó rán míṣọ́nnárì sí wa ní Àgbádárìgì ní 1842, ọmọ tiwa ló wá ń tẹ dùùrù fún wọn kó tó pé ọdún márùndínláàádọ́fà.

Ayọ̀ Bánkọ́lé náà gba ọwọ́ Phillips kọjá. Ìjọba ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tó lọ sí Guildhall School of Music ní 1957. Ó tún lọ sí Cambridge, ó dé Amẹ́ríkà, ó sì padà wálé wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ó sì ń kó àwọn akọrin jọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì péré ni nígbà tó kú ní 1976.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ìtàn yìí ni àwọn ọmọ tí a kò mọ orúkọ wọn. Fún ọdún méjìdínláàádọ́ta tí Phillips fi kọ́ àwọn ọmọdé lórin, mélòó ló di Ṣówándé? Àwọn yòókù di akọ̀wé, wọ́n di oníṣòwò, wọ́n di bàbá tó lè jókòó ní ìdílé rẹ̀ kó sì ka sọ́fà láì ṣìnà. Phillips kò yan ọmọ kan kó ní kí àwọn tó kù máa pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ló kọ́. Àárín wọn ni ẹni tó ga jù ti dìde.

Ẹnì kan tún wà tí kì í ṣe akọrin, tí mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nítorí ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Akíntọ́lá Williams, ọ̀gá àwọn olùṣírò owó, ilé-ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì ti Olówógbówó ní Èkó ló ti kàwé nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó dé Yaba Higher College, ilé-iṣẹ́ UAC ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1983, òun náà wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀ fún ìtẹ̀síwájú orin. Ẹgbẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Èkó, láti 2006 sì ni àjọ MTN Foundation ti ń san owó ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn níbẹ̀, fún ọdún méjì gbáko. Williams kú ní 2023 ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Àwọn kan sanwó fún un nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé tí ọmọ ẹlòmíràn ti ń kọ́ dùùrù. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ilé ẹnì kan.

Àmì ẹ̀yẹ mìíràn wà tí kò sí ìdíje nínú rẹ̀ rárá. Ní 1956 ni Philip, ọkọ Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì, dá a sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè é ní Duke of Edinburgh's Award. Àwọn ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ó di 1958 kí wọ́n tó rántí pé a ń bí ọmọbìnrin náà. Ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì dé Nàìjíríà. Ìpele mẹ́ta ló ní: idẹ, fàdákà àti wúrà. Ọ̀dọ́ tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ará àdúgbò, kó kọ́ ọgbọ́n kan (orin lè jẹ́ ọ̀kan), kó máa ṣe eré ìdárayá, kó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìrìn-àjò tó ní ìnira díẹ̀. Ti idẹ nìkan kò lè dín ní oṣù mẹ́fà. Bí ogún ọmọ bá ṣe é tán, ogún ọmọ ni yóò gbà á. Kò sí ipò kejì níbẹ̀.

Mo fẹ́ràn ètò yẹn gan-an, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo ẹrù orin. Ní ọjọ́ ìsinmi, ènìyàn kan ṣoṣo ló lè jókòó sídìí dùùrù. A kò lè ní kí ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu dá orin kọ níwájú ìjọ nítorí àánú. Etí àwọn ará ìjọ náà yẹ ní ohun tí à ń ṣàánú. Yíyàn kò lè tán, n kò sì gbà pé ìdíje fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni ohun tí a yàn wọ́n fún. Bí a bá yan ọmọ kan sí iṣẹ́, gbogbo ìjọ ló máa jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá kàn dé e ládé, orí tirẹ̀ nìkan ni adé mọ.

Ti aṣáájú tún yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan náà tí a ṣe ìdíje orin yẹn, a fún ọ̀dọ́ kan ní àmì ẹ̀yẹ pé òun ni aṣáájú tó pegedé jù lọ. Báwo la ṣe mọ̀? A dìbò. Ta sì ni ènìyàn ń dìbò fún? Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, tó mọ bí a ti ń di gbohùngbohùn mú, tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó bá ti rí àwa ìyá lókèèrè. Mo fẹ́ràn ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tó ń ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ní gbogbo Sátidé, tó ń to àga, tó sì ń lọ wo ẹni tí kò wá sí ìpàdé nílé, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìdìbò. Orin, etí lè wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Aṣáájú, ọjọ́ pípẹ́ ló ń wọ̀n ọ́n. Ewu mìíràn sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé àwọn àgbà ń ṣọ́ òun láti fún òun ní àmì ẹ̀yẹ nítorí inú rere, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka inú rere rẹ̀ bí ẹni ń ka owó àjọ. Olúwa wa kìlọ̀ nípa ẹni tó ń fun fèrè kó tó ṣàánú. Àwa la ra fèrè fún àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ni kí a máa fi bu ọlá fún aṣáájú. Ní Kérésìmesì tó kọjá, a gbé owó lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, a ní kí wọ́n ṣètò ìsìn orin Kérésì fúnra wọn, kí wọ́n sì mú ìwé ìnáwó wá. Wọ́n ra igba àbẹ́là, wọn kò ra ìṣáná. Inú òkùnkùn la dúró sí títí ọmọ kan fi sáré lọ yá ìṣáná lọ́wọ́ ìyá alákàrà tó wà ní oríta. Ṣùgbọ́n ìwé ìnáwó wọn pé, kọ́bọ̀ kan kò dín, mo sì mọ àwọn ẹgbẹ́ àgbà tí n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn.

Àwọn kan nínú wa ti wá ní kí a kúkú fòpin sí gbogbo àmì ẹ̀yẹ. Èmi kò gbà. Bíbélì kékeré kan wà lórí tábìlì mi tí èèpo rẹ̀ ti já, tí wọ́n fún mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní 1969 nítorí pé mo ka Sáàmù kan láì wo ìwé. Olùkọ́ wa fi gègé kọ orúkọ mi sí iwájú rẹ̀. Kò sí ìwé mìíràn ní ilé wa nígbà náà tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀. Bàbá mi, tí kò rí ìdí tí ọmọbìnrin fi ní láti kọjá ìwé mẹ́fà, gbé e lọ fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. N kò lè sọ pé Bíbélì yẹn ló ṣe é, n kò sì lè sọ pé òun kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwa mẹ́sàn-án la ka Sáàmù lọ́jọ́ náà, àwa mẹ́sàn-án náà la sì gba Bíbélì.

Ó wá ku ohun tí mo ṣèlérí láti sọ. Mo wà lára àwọn mẹ́ta tó ṣe onídàájọ́ níbi ìdíje orin yẹn. Ọmọbìnrin tó gba ipò kìíní kọrin dáadáa. Ẹni tó ṣe ìkejì jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ohùn rẹ̀ ń yí padà bí ti àwọn ọmọkùnrin ṣe máa ń yí. Ó já mọ́ ọn lẹ́nu níbi tí orin ti ga. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ márùn-ún nínú àwọn olùdíje yòókù ní orin tí wọ́n kọ, tó kọ sọ́fà wọn sórí páálí, tó ń lù ú sórí àga fún wọn nítorí kò sí dùùrù tí wọ́n lè tẹ̀. Orin la ní kí a fún ní máàkì, nítorí náà ìyẹn kò sí nínú ìwé wa. Nígbà tí a ṣírò gbogbo rẹ̀, máàkì méjì ni ọmọbìnrin náà fi jù ú lọ.

Máàkì mẹ́ta ni mo fi kún tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti èmi ti jọ wà pẹ́. Nígbà tí ìyá mi kú, òun ló dúró sídìí ìkòkò láti àárọ̀ títí di alẹ́ kí àlejò mi má bàa pa ẹnu mọ́. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ ìdíje yẹn. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Mo kàn wo méje tí mo kọ, mo sì sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ọdún kan ni ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé kíbọ́ọ̀dù náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́yìn àga ní pálọ̀ wọn. Ó ní òun bẹ ìyá òun pé kí àwọn gbé e fún ọmọkùnrin yẹn, ìyá rẹ̀ sì ní a kì í dá ẹ̀bùn padà, àfojúdi ni. Mo gbọ́, mo dákẹ́ fún ọdún kan mìíràn. Ọmọkùnrin náà ti kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà.

Mo ti sọ gbogbo èyí níwájú ẹgbẹ́ kí n tó kọ ọ́ síbí. Ìyá ọmọbìnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sì bá a wí. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó gbé kíbọ́ọ̀dù wá. Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ti ọmọkùnrin náà ni, kí a gbé e fún un pẹ̀lú àforíjì. Àwọn kan ní kò ṣeé dá padà mọ́, ọjọ́ ti lọ, kí a gbé e fún ẹgbẹ́ akọrin. Èmi ni wọ́n rán lọ bá a.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un láì fi kún un, láì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá kíbọ́ọ̀dù náà ṣì ń ṣiṣẹ́, mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní: “Mà, ẹ má gbé e wá fún mi. Kò sí iná ní ilé wa. Ẹ gbé e sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ní Sátidé.”

A ti fún un. Lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń wá, ní aago mẹ́rin. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́fà ló pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ wà nínú wọn.